Obìnrin Tí Ó Béèrè Mi Lọ́wọ́ Mi

Ẹ kú ilé o, gbogbo ojúlé wa l'Abẹ́òkúta. Ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí yín láti Àjàṣẹ́ níbí, lẹ́yìn bodè Ìdìrókò. Bàbá mi kékeré, ẹ kú ìnira ẹsẹ̀, mo gbọ́ pé ó ti ń fúyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi Sàídì, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Kí Ọlọ́run túbọ̀ dẹlẹ̀ fún Bàbá wa tó ti lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ìta gbangba ni mo fẹ́ kí wọ́n ti ka lẹ́tà yìí, kí wọ́n kà á sókè, kí gbogbo ilé pé síbẹ̀, títí kan ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn tí èmi kò mọ̀ rí. Ẹ má kà á ní kọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ máa yé yín kí n tó dákẹ́.

Ara mi le, a dúpẹ́. Àdúgbò Djègan-Kpèvi ni mo ṣì wà, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi tí a ti ń kan bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn. Mẹnusié ni wọ́n ń pe káfíńtà níbí, nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ń wá mẹnusié ará Abẹ́òkúta, èmi ni. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, pákó kò gbẹ bọ̀rọ̀ mọ́, iṣẹ́ tó yẹ ká parí lọ́jọ́ mẹ́ta ń gbà wá ní ọ̀sẹ̀ kan. Owó tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn kò tó nǹkan, mo mọ̀, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ìlú yìí kò le, àwọn èèyàn rẹ̀ ń kíni, wọ́n ń báni rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú máa ń gùn fún àlejò. Àwọn Nàgó tí a jọ ń gbọ́ èdè ara wa, bí wọ́n bá fẹ́ sọ àṣírí níwájú mi, Ègùn ni wọ́n máa ń bọ́ sí. Bí èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Ègùn díẹ̀, wọ́n á bọ́ sí Faransé. Kò sí ìgbà tí mi ò rò pé èmi ni wọ́n ń sọ.

Ẹ ó rántí Mọ̀ínátù, ọmọbìnrin tí mo ròyìn rẹ̀ fún yín nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀. Aṣọ ni bàbá rẹ̀ ń tà, èmi ni mo kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Lóṣù tó kọjá mo mú ọ̀gá mi dání, a lọ bá bàbá náà, a sọ pé mo fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ṣe aya. Ó yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀, ó ní àwọn ti gbọ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúró. Ìyá mi, ẹ ti ń bi mí láti ọdún pípẹ́ pé ìgbà wo ni mo máa mú ìyàwó wálé, mo sì ti ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. N kò fi ṣeré mọ́. Obìnrin yìí ni mo fẹ́, bí n kò bá rí i fẹ́, mi ò mọ ohun tí mo tún ń ṣe ní ìlú onílùú.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ló kàn. Mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta tòkúnbọ̀ létí títì. Aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, agogo rẹ̀ ń dún ketekete. Ọkùnrin náà kò fún mi ní ìwé kankan. Ó ní ta ló ń fún ẹnikẹ́ni ní ìwé lórí kẹ̀kẹ́. Mo rà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò balẹ̀. Èèyàn méjì ni a jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ kiri lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀kan ni Táòfíkì, ọmọ Nàgó tó ń jó irin ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Èkejì ni Pọ́ọ̀lù, ọmọ Ègùn, olùkọ́ ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń pète àti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Sèmè-Kpodji, kí a ti ẹsẹ̀ bọ omi òkun, kí a jẹ ẹja yíyan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Mọ̀ínátù tó ń tà á níbẹ̀, kí a sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mọ̀ínátù fúnra rẹ̀ ní òun máa wọ mọ́tò wá bá wa níbẹ̀. Mo ra táyà tuntun. Mo fi epo sí ṣéènì. Mo fọ aṣọ tí mo máa wọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Táòfíkì yọjú sí mi, ó ní orúnkún ń dun òun, òun kò ní lè lọ mọ́. Mo kí i kú ìrora. Kò pé wákàtí kan tí mo rí i tó gbé géètì irin lé èjìká, tó ń fi orúnkún kan náà sáré kọjá títì. Nígbà tí mo bi í, ó ní ìrora ọ̀hún máa ń wá, ó sì máa ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Pọ́ọ̀lù tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé ìwé ìdánwò ọmọ ilé ìwé pọ̀ nílẹ̀ tí òun fẹ́ máàkì. Ọmọ ilé ìwé wo? Wọ́n ti wà nílé fún ìsinmi láti ọ̀sẹ̀ kan. Nírọ̀lẹ́, Mọ̀ínátù pè, ó ní òun kò ní ráyè. Mo ní kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan kan, ó wá rẹ́rìn-ín kékeré kan kó tó gé fóònù. Èèyàn mẹ́ta, àwáwí mẹ́ta, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ohun tó wá dá mi lójú pé nǹkan ń bẹ nílẹ̀ ni ìyá onílé wa. Obìnrin yìí kì í jẹ́ kí n jáde láìbi mí bóyá mo ti pọn omi. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ti gbá iwájú ilé, ó ti wọ́n omi sílẹ̀, ó gbé abọ́ àkàrà gbígbóná lọ́wọ́. Ó ní kí n má torí pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ò lọ kí n jókòó sílé, kí n gun fẹló mi, bí wọ́n ṣe ń pe kẹ̀kẹ́ níbí, lọ sí etí òkun ní èmi nìkan, pé atẹ́gùn ibẹ̀ ń ṣe ara lóore, kí n má sì kánjú padà. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbé ilé rẹ̀, kò fún mi ní àkàrà rí. Mo dúpẹ́, mo gbé e wọlé, mo ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nínú kí n tó jẹ ẹ́. Àkàrà dídùn ni, èyí sì tún bà mí lẹ́rù sí i.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ro ó títí ó fi tò lójú mi. Kẹ̀kẹ́ olè ni kẹ̀kẹ́ yìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti gbọ́ pé wọ́n ń wá a, wọn ò fẹ́ kí a rí àwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mọ̀ínátù gbọ́, ojú tì í. Ìyá onílé náà gbọ́, ó fẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá mú mi lójú ọ̀nà kí wọ́n má baà wá sí ilé òun. Gbogbo rẹ̀ bá ara mu. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo tún yin ara mi pé orí mi pé. Mo gun kẹ̀kẹ́ jáde níṣojú ìyá onílé, ó ń juwọ́ sí mi. Mo yípo àdúgbò, mo gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé. Mo wọ ṣòkòtò iṣẹ́ mi tó ti ya, mo fa fìlà bojú, mo dorí kẹ̀kẹ́ kodò lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, mo gbé ọ̀dà dúdú tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn oníbàárà kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún.

Mo ti kùn ún dé ìdajì nígbà tí mo gbọ́ ìró bàtà. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, ó wé gèlè mímọ́, ó di báàgì kékeré mú sí abẹ́ apá. Ó ní òun ń wá ṣáláńgá, bẹ́ẹ̀ ṣáláńgá náà ló wà níwájú rẹ̀ gan-an. Mo nawọ́ sí i. Kò wọlé. Ó ń wo okùn aṣọ wa, ó ń wo gọ́tà, ó ń wo garawa mi. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó ní kẹ̀kẹ́ yìí dára, ta ló ni ín. Mo mọ̀ nígbà náà pé àwọn ọlọ́pàá ti ń rán obìnrin.

Ó bi mí bóyá mo mọ mẹnusié kan tó ń gbé ilé yìí, ará Abẹ́òkúta, Gàníyù ni wọ́n ń pè é. Ó béèrè bí ìwà rẹ̀ ṣe rí, bóyá ó máa ń mutí, bóyá ó máa ń bínú, irú àwọn wo ló máa ń wọlé tọ̀ ọ́. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń béèrè bí ẹni tí kò fẹ́ mọ̀. Ìyá mi, ẹ̀rù bà mí débi pé ẹnu mi kò dúró gbọ́ tèmi mọ́. Mo ní Gàníyù kẹ̀? Mo ní ó ti kó lọ láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó bi mí ibi tó lọ. Mo ní ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì ló wá kó o padà sí Abẹ́òkúta. Ó tún bi mí bóyá ó dá mi lójú pé ó ní ìyàwó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fi ojú ara mi rí i, obìnrin náà ga, ó sì ń pariwo. Mo ní kẹ̀kẹ́ yìí, èmi ni ó tà á fún kó tó sá. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á san án fún mi tí mo sọ òótọ́, ó sì rọra lọ. Mo parí kíkùn kẹ̀kẹ́ mi. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú, òjò rọ̀ láti àárọ̀. Táòfíkì àti Pọ́ọ̀lù jọ wọlé tọ̀ mí, wọ́n tutù bí ẹni tó ń bọ̀ láti itẹ́ òkú. Ìyá onílé tẹ̀lé wọn wọlé, kò tíì bọ́ aṣọ funfun tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣàlàyé. Obìnrin náà kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n bàbá Mọ̀ínátù ni, Ìyá Sàkétè ni wọ́n ń pè é, òun ni ìdílé wọn rán wá wádìí mi. Ẹ mọ àṣà náà ju èmi lọ. A kì í sọ fún ọkọ ìyàwó ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ẹni tí kò mọ̀ rí ni wọ́n sì máa ń rán. Ìyá Sàkétè ti ránṣẹ́ sí Táòfíkì àti Pọ́ọ̀lù pé kí wọ́n dúró nílé ní Àbámẹ́ta kí òun lè bi wọ́n léèrè, kí wọ́n má sì jẹ́ kí n gbọ́. Mọ̀ínátù náà mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní òun kò ráyè. Wọ́n ti bi ọ̀gá mi pàápàá. Nítorí mi ni ìyá onílé ṣe gbálẹ̀. Nítorí mi ni ó ṣe dín àkàrà, kí n lè jìnnà sílé kí ìwádìí lè lọ dáadáa.

Táòfíkì ní èèyàn méje ni Ìyá Sàkétè bi, gbogbo wọn ló yìn mí, òun gan-an fi Àlùkùránì búra pé n kò láyà nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, nítorí ẹnì kẹjọ kan, ọkùnrin tó ń kun kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, sọ pé mo ti sá lọ bá ìyàwó àti ọmọ méjì. Ìyá onílé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ọ̀tá mi náà. Ó ní kí ọwọ́ tó fi ń kun kẹ̀kẹ́ rọ. Pọ́ọ̀lù ní kí n ronú dáadáa, ta ni mo ṣẹ̀ ní àdúgbò. Táòfíkì ń wo èékánná mi, tí ọ̀dà dúdú ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo kẹ̀kẹ́ tó fara ti ògiri. Pọ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Táòfíkì kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀, ó ní òun ti búra nítorí mi.

Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n mú mi lọ sí ilé bàbá Mọ̀ínátù nínú òjò náà, ìyá onílé ló ṣáájú. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde. Mo sọ ohun gbogbo, ti kẹ̀kẹ́, ti àkàrà, ti ọ̀dà. Bàbá náà ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò wò mí. Ìyá Sàkétè ló fèsì. Ó ní òun ti gbọ́ mi, ṣùgbọ́n kí n ran òun lọ́wọ́. Ó ní bí ó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà lánàá, òpùrọ́ ni mí, bí kò bá sì jẹ́ èmi, a jẹ́ pé mo ní ìyàwó nílé. Ó ní èwo nínú méjèèjì ni kí òun fi ọmọ àwọn fún. Mo gbọ́ tí ẹnì kan dìde lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tó ń wọ́ sálúbàtà lọ sínú yàrá. Mo mọ ẹsẹ̀ ẹni náà. Ọkàn mi bàjẹ́ ju ọjọ́ tí a sin Bàbá lọ, ẹ foríjì mí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, Ìyá Sàkétè ní àwọn kò ní sọ pé rárá, àwọn kò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n máa ṣe ìwádìí lẹ́ẹ̀kan sí i, Abẹ́òkúta ni wọ́n máa lọ. N kò ní mọ ọjọ́, n kò ní mọ ẹni tó ń lọ. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu àwọn tó bí mi ni wọ́n máa fi parí ọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá mo lè kọ̀wé sílé. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n kọ ogún, nítorí odidi agboolé kan kò lè pa irọ́ kan náà kí ó bára mu.

Ìdí tí mo fi fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ nìyí. Ẹnikẹ́ni nínú yín ni wọ́n lè bi. Ó lè jẹ́ ẹni tó wá ra ọṣẹ, ó lè jẹ́ ẹni tó ní òun ṣìnà. Ẹ jọ̀wọ́, òótọ́ ni kí ẹ sọ. Ẹ sọ pé n kò fẹ́ ẹnikẹ́ni rí. Bí wọ́n bá béèrè àléébù mi, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ pé mo sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá mi àkọ́kọ́, pé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jà lórí ilẹ̀ Bàbá, a sì ti parí rẹ̀. Ẹ sọ pé mo máa ń fura. Ẹ má yìn mí jù, kí wọ́n má baà ní mo kọ́ yín.

Ìyá mi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ni mo jọ. Nígbà tí àwọn oníná wá béèrè orúkọ wa, ẹ sọ fún wọn pé ilé yìí kò ní onílé. Nígbà tí olùkọ́ mi wá kí wa nílé, ẹ ní ẹ ò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Gàníyù, èmi sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ yín. Ẹ máa ń sọ pé àlejò tó bá béèrè ọmọ ẹni kò wá fún ire. Ó gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí wá fún ire. Mo ti pè yín ní ìgbà mẹ́fà láti ọjọ́ Ajé, ẹ ò gbé e, nítorí nọ́ńbà ìhín ni, ẹ sì máa ń sọ pé oníjìbìtì ló ń fi nọ́ńbà àjèjì peni. Fóònù Ẹ̀gbọ́n Sàídì kò wọlé rárá, bóyá oko ló wà. Mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ kan tó ń gba Ìdìrókò bọ̀, mo sì ti wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Òní ni Ọjọ́bọ̀. Àná ni Mọ̀ínátù tó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú náà. Gbólóhùn kan péré ni, pé Ìyá Sàkétè kò sí nílé láti ọjọ́ Ajé, kò sì sọ ibi tí òun ń lọ. Bí àlejò kankan bá ti wá béèrè mi lọ́wọ́ yín láàárín Ajé sí òní, tí ẹ sì ti dá a lóhùn, Ìyá mi, kí ni ẹ sọ fún un? Bí ó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni, ẹ wọ aṣọ yín, kí Bàbá mi kékeré fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún náà tẹ̀lé yín, kí ẹ máa bọ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́la. Ẹnì kan ní láti wá sọ níwájú wọn pé òun ló bí mi.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ó má jẹ́ kí ẹ fi ojú sunkún ọmọ. Kí ilé wa má tú, kí oko Ẹ̀gbọ́n Sàídì so. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kí ayálégbé yàrá ẹ̀yìn náà, kí ó mọ̀ pé mo wà láyé.

Èmi ni ọmọ yín, ẹnì yòówù kó béèrè,
Gàníyù